Bí SS bá ń pa ọmọ, kí ló dé tí jíìnì rẹ̀ kò tíì tán láàárín wa?

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, mo sì sọ fún wọn pé ohun tó bá ń pa ẹ̀dá, bó pẹ́ bó yá, yóò kúrò nínú ìran náà. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní SS ni àbúrò òun, ó kú lọ́dún tó kọjá. Ó wá bi mí pé tí ohun tí mo sọ bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí jíìnì yẹn ṣì kún ilẹ̀ wa báyìí? N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?"

Olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi kí i kú ará-fẹ́ra-kù. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ ti da àgbàlagbà láàmú rí. Ní nǹkan bí 75 ọdún sẹ́yìn, àwọn tó mọ̀ jù nípa ẹ̀jẹ̀ láyé jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí kan náà, kò sì yé wọn: àìsàn tó ń pa ọmọ kó tó bàlágà, báwo ni jíìnì rẹ̀ ṣe wà lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin láwọn ibì kan nílẹ̀ Áfíríkà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún wọn ti wọ́ díẹ̀ nìyí. Ẹfolúṣọ̀n ò mọ ikú bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Kò gbọ́ ẹkún ìyá. Ohun kan ṣoṣo ló ń kà: ta ló dàgbà tó fi bímọ, ọmọ mélòó ló sì gbé jíìnì rẹ̀ lọ síwájú. Jíìnì tó bá pa ọmọ kan nílé yìí, tó sì gba ọmọ méjì là lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri nílé kejì, èrè ló jẹ nínú ìṣirò yẹn. Irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ni S: ẹni tó gba S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni SS, ẹni tó gba S kan àti A kan ni AS, ẹni tó gba A lọ́dọ̀ méjèèjì ni AA. Màá fi ìṣirò náà hàn yín láìpẹ́, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí S jẹ́ ná. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ DNA, ìyẹn ìwé ìtọ́ni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara: A, T, G àti C. Bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà ni a gbà lọ́wọ́ bàbá, bílíọ̀nù mẹ́ta míì lọ́wọ́ ìyá. Jíìnì ni abala kan nínú ìwé gbọọrọ yìí tó ń sọ fún ara bí yóò ṣe ṣe nǹkan kan pàtó. Èyí tí à ń sọ lónìí ló ń kọ́ ara bí yóò ṣe ṣe apá kan lára hẹmoglóbìn, ìyẹn ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri. Ẹ fojú inú wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn, 146 ni gbogbo rẹ̀. Lára ẹni tó ní S, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà ló yàtọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn náà ni. Nínú DNA, GAG ló yẹ kó wà níbẹ̀, GTG ló wà. Lẹ́tà kan.

Àwa tí à ń sọ èdè Yorùbá ò yẹ kó ṣòro fún láti gbà pé àmì kékeré lè da nǹkan ńlá rú. Bí mo bá kọ̀wé sílé pé "ọkọ̀ mi ti bàjẹ́", tí ẹni tó ń dà á kọ fo àmì orí ọ̀rọ̀ kan, tó kọ "ọkọ mi ti bàjẹ́", kí n tó délé, ẹbí ti pé jọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà tó tọ́ máa ń bá omi rẹ́. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ kórìíra omi bí epo. Nígbà tí hẹmoglóbìn bá já ọ́síjìn sílẹ̀ tán, ibi tó dà bí epo yẹn á wá ẹnìkejì rẹ̀ lẹ̀ mọ́, ìyẹn náà á lẹ̀ mọ́ òmíràn, wọ́n á di okùn líle nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì náà á sì tẹ̀ bí dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ kì í lè gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá. Ó há síbẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á há tì í, eegun àti ẹran ara tó wà níwájú ò ní rí ọ́síjìn gbà. Ìrora tí àwọn òbí mọ̀ nìyẹn, tí a fi ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1910 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì tó rí bí dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Grenada. Ní 1949 ni Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé hẹmoglóbìn fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀. Láàárín 1956 sí 1957 ni Vernon Ingram rí ìlẹ̀kẹ̀ kan náà yẹn. Ó jọ mí lójú gan-an pé ọdún 47 ni wọ́n fi wá lẹ́tà kan.

Báwo ni lẹ́tà náà ṣe yí padà? Àṣìkọ ni. Nígbàkigbà tí ara bá ń da DNA kọ fún àtọ̀ tàbí ẹyin, àṣìkọ díẹ̀ máa ń bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, nǹkan bí 60 sí 70 àṣìkọ tuntun ló wà lára yín tí kò sí lára bàbá tàbí ìyá yín. Púpọ̀ nínú wọn ò ṣe ohunkóhun. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ kíláàsì yín mú dání ni pé ibà kọ́ ló dá S. Àṣìkọ ò mọ̀ bóyá ẹ̀fọn wà nílùú tàbí kò sí. Ó ṣẹlẹ̀ lára ọmọ kan, ibà sì wá bá a nílẹ̀.

Mo ní "ọmọ kan", mi ò sì sọ àsọdùn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ jíìnì méjì, Daniel Shriner àti Charles Rotimi (ọmọ Nàìjíríà ni Rotimi), yẹ DNA ọ̀pọ̀ èèyàn wò, àwọn Yorùbá tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí ní Ìbàdàn sì wà lára wọn. Wọ́n wo àwọn lẹ́tà tó yí S ká, bí ẹni ń fi ilà ojú mọ ibi tí èèyàn ti wá. Àbọ̀ wọn ni pé orísun kan ṣoṣo ni gbogbo S tó wà lónìí ti ṣàn wá, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ ní Sàhárà tí koríko sì wà níbẹ̀. Ẹnì kan ni. A ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ AS, láti Ṣakí dé Bàhíà ní Bùràsílì.

Ẹni tó kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá pé ibà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni Anthony Allison, òyìnbó tó dàgbà ní Kẹ́ńyà. Ó ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀yà káàkiri ibẹ̀ ní 1949, ó wá rí i pé létí òkun àti lẹ́bàá adágún Victoria, tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, AS ju 20 nínú 100 lọ. Lórí òkè, níbi tí òtútù ò jẹ́ kí ẹ̀fọn ráyè, kò tó ẹnì kan nínú 100. Ìbátan ni àwọn kan lára àwọn ẹ̀yà yìí, èdè wọn sún mọ́ra, síbẹ̀ iye S wọn tẹ̀ lé ẹ̀fọn, kò tẹ̀ lé èdè. Ó gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 1954, ọ̀pọ̀ ò kọ́kọ́ gbà á.

Báwo wá ni AS ṣe ń dènà ibà? Níbí, ẹ gbà mí láyè kí n yan díẹ̀, torí Ìbàdàn wa ni apá kan ìdáhùn náà ti jáde. Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹ̀jẹ̀ AS tí kòkòrò ibà ti wọ̀. Wọ́n mú ọ́síjìn kúrò, wọ́n sì ń kà. Sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ yára di dòjé ju èyí tí kòkòrò ò sí nínú rẹ̀ lọ dáadáa. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 1970. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kòkòrò ibà tó wọ sẹ́ẹ̀lì AS ti fúnra rẹ̀ ta ilé náà lólobó: sẹ́ẹ̀lì náà á tẹ̀, ọlọ inú (spleen) á rí i pé kò dára mọ́, á gbé e jẹ tòun ti àlejò inú rẹ̀. Ọ̀nà míì tún wà tí AS ń gbà ṣe é, kì í ṣe èyí nìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣì mí gbọ́. AS kò ní kí ẹ̀fọn má jẹni, kò ní kí ibà má ṣeni. Ohun tó ṣe ni pé ó dín ewu ibà líle, èyí tó ń gbé ọmọdé lọ, kù ní nǹkan bí 90 nínú 100. Ẹni tó jẹ́ SS kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀ jẹ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fún wọn ní oògùn tó ń dènà ibà, kó má jẹ́ pé ìgbà tí ara bá gbóná ni wọ́n á tó máa wá a.

Ó yá, ìṣirò. Àpẹẹrẹ ni o, mo kàn fẹ́ kí nọ́ńbà rọrùn. Ẹ mú abúlé kan ní 500 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n bí ọmọ 1,000. Jẹ́ kí 730 jẹ́ AA, 250 jẹ́ AS, 20 jẹ́ SS. Kò sí ọsibítù, nítorí náà gbogbo SS 20 kú. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, S á máa dín kù nínú ìran kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ibà wà níbẹ̀. Ká ní ibà pa 125 nínú àwọn AA, tí kò sì pa AS kankan. Ta ló kù? AA 605, AS 250. Èèyàn 855 nìyẹn, ẹ̀dà jíìnì 1,710, 250 sì ni S. Ẹ pín in: 14.6 nínú 100. Kí ikú tó dé, S 290 ló wà nínú 2,000, ìyẹn 14.5. Kò yẹ̀ rárá. Odindi ìran kan ti kọjá, ọmọ 145 ti kú, S sì wà níbi tó wà.

Ẹ tún wò ó dáadáa. Ọmọ 20 kú nítorí S. Ká ní àwọn 250 tó jẹ́ AS yẹn jẹ́ AA ni, ibà ì bá ti pa nǹkan bí 43 nínú wọn. Ọmọ kan kú, méjì yè. Ohun tí mo sọ lókè nìyẹn.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni ti àbíkú. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ àbíkú, àwọn ọ̀mọ̀wé á ní "SS ni." Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú abúlé tí a ṣírò yìí, AA 125 ló kú, SS 20. Bí ìṣirò náà bá sún mọ́ òótọ́ rárá, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sọ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n wọn tó kú jẹ́ AA, tí ibà gbé lọ. Lóòótọ́, ilé tí ọmọ ti ń kú léraléra lọ́nà kan náà, mo ṣì gbà pé SS ló wà ní púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí à ń dì ru S yẹn ti pọ̀ jù.

Àwọn ọmọ yín á béèrè pé kí ló dé tí gbogbo wa ò kúkú fi di AS kó parí. Kò ṣeé ṣe ni. AS kò lè bí AS nìkan. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, àǹfààní kan nínú mẹ́rin ló wà fún AA, méjì fún AS, ọ̀kan fún SS. Ẹ tẹnu mọ́ "oyún kọ̀ọ̀kan" yẹn dáadáa. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣì máa ń gbọ́ lẹ́nu tọkọtaya pé: "Àkọ́bí ti gba ti SS, mẹ́ta tó kù á bọ́." Oyún ò ní ìwé àkọsílẹ̀ tó fi ń wo ohun tí èyí tó ṣáájú jẹ́. Bí wọ́n bá bí mẹ́rin, àǹfààní pé kò ní sí SS kankan nínú wọn jẹ́ 32 nínú 100. Àwọn kan bí mẹ́rin tí gbogbo rẹ̀ yọ, àwọn kan bí méjì, SS ni méjèèjì. Níwọ̀n ìgbà tí a sì ti débẹ̀: ẹ má gba èsì jẹ̀nótáìpù láti ibì kan ṣoṣo ká tó gbé ìyàwó. Mo ti rí ẹni tí ilé àyẹ̀wò kan kọ AA fún, tó jẹ́ pé AS ni, ọmọ ló wá já irọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ oko náà tún wà níbẹ̀. Ní 1958, Frank Livingstone, onímọ̀ nípa ẹ̀dá èèyàn ní Amẹ́ríkà, sọ pé ọkọ́ àti àdá ló ṣí ọ̀nà fún S ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri níbí kì í fẹ́ràn òjìji igbó. Adágún kékeré tí oòrùn ń pa ló ń yé sí. Nígbà tí àwọn baba wa ṣán igbó láti kọ ebè iṣu, oòrùn wọlé, omi dúró láàárín ebè, èèyàn sì pọ̀ lójú kan. Ẹ̀fọn rí ilé, ó rí oúnjẹ. Èrò rẹ̀ ṣì ń fa àríyànjiyàn lórí ọdún àti ibi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, torí ó fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn lè yí asẹ́ tí ẹfolúṣọ̀n fi ń sẹ́ wa padà. Iṣu ni wọ́n gbìn. Àwọn ni wọn ò mọ̀ pé àwọn ń gbin S pẹ̀lú.

Bí a bá gbé S kúrò níbi tí ibà wà ńkọ́? Òwò ẹrú ṣe ìyẹn fún wa, kì í ṣe pé ẹnì kan fẹ́ dán an wò. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú 13 ló jẹ́ AS. Ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú àwọn òyìnbó wà lára ohun tó dín in kù, ṣùgbọ́n níbi tí ibà ò ti pa AA mọ́, S kò ní èrè kankan láti jẹ, gbèsè nìkan ló kù fún un.

C tí ẹ máa ń rí nínú AC àti SC náà ń kọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà yẹn kan náà ni, lẹ́tà míì ló yí padà níbẹ̀: AAG dípò GAG. Apá Burkina Faso ló pọ̀ sí jù, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa díẹ̀. CC kì í pa èèyàn bíi SS, ìwádìí kan ní Burkina Faso ní 2001 sì fi hàn pé ó ń dènà ibà gidigidi. Bí wọ́n bá ní kí n yan àṣìkọ fún wa ni, C ni ǹ bá yàn. Ẹfolúṣọ̀n kì í yàn bẹ́ẹ̀. Àṣìkọ tó bá kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ló ń lò, èyí tó dára jù lè wà ní ìlú kejì.

Kòkòrò ibà náà kò sì jókòó sójú kan. Ẹ rántí chloroquine, tó fi máa ń yún wa lára káàkiri? Àṣìkọ inú DNA kòkòrò ló sọ ọ́ di aláìlágbára, títí Nàìjíríà fi kúrò lórí rẹ̀ ní 2005. Ìwádìí kan láti Gámbíà àti Kẹ́ńyà tún fi hàn láìpẹ́ yìí pé oríṣi kòkòrò ibà kan wà tí àyípadà inú jíìnì tirẹ̀ jẹ́ kó lè fún ọmọ AS ní ibà líle. A ní S, òun náà ti ń wá kọ́kọ́rọ́ S.

Ẹ sọ èyí náà fún ọmọbìnrin yẹn, pé àṣìkọ míì wà tó ń gba SS là. Kí a tó bí wa, hẹmoglóbìn ọmọ inú oyún la ń lò. Ìdí nìyẹn tí ọmọ SS kì í fi í sábà ṣàìsàn ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Lára àwọn díẹ̀, àyípadà kan nínú jíìnì kì í jẹ́ kí hẹmoglóbìn ìkókó yẹn lọ tán, bí irú wọn bá sì jẹ́ SS, ara wọn máa ń le. Ohun tí ìtọ́jú Casgevy ń ṣàfarawé nìyẹn: wọ́n á gé ibì kan nínú DNA, hẹmoglóbìn ìkókó á padà dé. Ìlú Ọba fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2023, Amẹ́ríkà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan. Èmi àti ẹ̀yin mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílẹ̀ tí wọ́n ti ń bí nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní àìsàn yìí lọ́dọọdún.

Fún kíláàsì yín, ẹ wá igbá kan, ẹ̀wà funfun 340 àti ẹ̀wà pupa 60. Kí wọ́n dijú mú un ní méjì-méjì títí yóò fi tán. Pupa-pupa, ẹ dà á nù. Nínú funfun-funfun mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ da ọ̀kan nù: ibà nìyẹn. Ẹ ka èyí tó kù, ẹ fi ẹ̀wà míì kún un títí á fi pé 400 ní ìwọ̀n pupa sí funfun tó ṣẹ́kù, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, pupa á ṣì wà ní nǹkan bí 60, á kàn máa lọ sókè sódò díẹ̀. Ẹ wá tún un ṣe láìda funfun-funfun nù mọ́, bí ìlú tí wọ́n ti lé ibà lọ. Nígbà tó bá di ìgbà kẹwàá, pupa á ti sún mọ́ 24, kò sì ní tíì tán. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn ló máa kà á.